Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Gba Fíríìdọ́ọ̀mù Mi Lọ́wọ́ Ọ̀gá Jékọ́ọ̀bù

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kí mi ní Àpòmù báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bàbá, iṣẹ́ wo ló dáa jù kéèyàn kọ́?" Wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Kí n tó ní kí wọ́n jókòó, fóònù ọwọ́ wọn á ti dún, wọ́n á sì ti bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúkú jókòó kọ èyí sílẹ̀. Ẹni tó bá wù kó kà á. Ẹni tí kò bá wù, kó máa tẹ fóònù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé kí ohùn tó lè jáde bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú àwa kan rí màbo.

Iṣẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ̀rọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo fi parí. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Kòkó ni bàbá mi ń gbìn ní Àpòmù, èmi sì kórìíra oko débi pé bí wọ́n bá ti fi àdá lé mi lọ́wọ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Nígbà tó sú bàbá mi, ó mú mi wọkọ̀ lọ sí Ìkirè, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jékọ́ọ̀bù tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, létí ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n gbàdúrà, bàbá mi sì padà sílé. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 la wà nígbà náà.

Ọ̀gá Jékọ́ọ̀bù ga, ó gbẹ, àgbà ìjọ Àládùúrà sì ni. Kì í wọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà níbẹ̀. Ó ní ibi tí ohùn bá ti ń jáde lára ohun tí kò ní ẹ̀mí, ilẹ̀ mímọ́ ni. Àwa tí ẹsẹ̀ wa wà lásán lórí sìmẹ́ǹtì, tí iná sì ń gbé wa lójoojúmọ́, kò sí bí a ṣe fẹ́ jiyàn, nítorí gbogbo ìgbà là ń pe orúkọ Jésù níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan súkúrù kankan. Etí ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀gá á gbé rédíò aláìsàn sẹ́yìn mi, á tàn án, á ní kí n má wẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó bá ń tú ẹ̀rọ kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀, olè ni. Rédíò tó bá ń hó, ó ní àyà ló ń dùn ún. Èyí tó bá ń ránmú, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é. Mo rántí ọ̀kan nínú ìdánwò wọ̀nyẹn dáadáa.

"Gbádé, kí ló ń ṣe é?"

"Sípíkà rẹ̀ ló ya, sà."

"Ó ya bíi ti ṣòkòtò ẹ. Tún gbọ́."

Mo tún gbọ́. "Ó... ó ń kólòlò, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló ń jẹ́ kí rédíò kólòlò?"

"Ìdọ̀tí ni, sà. Ó ti kún ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè."

"O ṣeun. Ìwọ alára ńkọ́, ṣó o ti wẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Mi ò tíì wẹ̀. Ó dá mi padà sílé kí n lọ wẹ̀. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Mo máa ń bínú sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n etí tó fún mi yẹn ni mo fi jẹun dòní.

Òfin kan wà tó ga ju gbogbo òfin rẹ̀ lọ. Họ́ọ̀nù ńlá kan wà lórí òpó irin níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó sì dojú kọ gáréèjì gbọn-ọn. Ọ̀gá ní kò sí ẹ̀rọ kankan tó gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun láìsọ̀rọ̀ síta. Ohunkóhun tí a bá tún ṣe, a gbọ́dọ̀ so ó mọ́ họ́ọ̀nù yẹn, kí gbogbo ayé gbọ́ pé ara rẹ̀ ti yá, kí oníbàárà má baà padà wá sọ pé a ò ṣe nǹkan kan.

Ìyá Rísì ló jẹ ìyà òfin náà jù. Abẹ́ òpó yẹn gan-an ló ń din dòdò Ìkirè, dòdò dúdú tó lata yẹn, tó ń dì í tà fún àwọn èrò ọkọ̀. Bí họ́ọ̀nù bá ti bú sígbe, á mi orí, á ju ọwọ́ sókè.

"Jékọ́ọ̀bù! Tí etí mi bá di, ìwọ lo máa máa bá mi gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà bá ń sọ o!"

Lọ́jọ́ kan a tún rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ọ̀gá iléèwé kan ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá a wá la fi dán an wò lórí họ́ọ̀nù. Àṣé ọkùnrin náà ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ bí òun ṣe máa bẹ ìyàwó òun. Gbogbo gáréèjì gbọ́ ọ: "Àdùkẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, má bínú." Àwọn awakọ̀ ń dáhùn láti inú mọ́tò wọn pé, "Kò tíì gbà o! Tún un bẹ̀!" Ọ̀gá iléèwé náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó sì pẹ́ ká tó rí i ládùúgbò mọ́. A rò pé ọ̀gá wa máa yí òfin padà. Ó kàn bi wá pé, "Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?" A ní ó sọ̀rọ̀. "Ó parí nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ fíríìdọ́ọ̀mù ṣe tó. Bí ọmọṣẹ́ bá ti mọṣẹ́, ọ̀gá á pe ẹbí rẹ̀, á gbàdúrà sí i lórí lójú gbogbo èèyàn, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ọmọṣẹ́ á sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tú sílẹ̀ kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá tilẹ̀ ṣí i, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á wá tì í, àwọn èèyàn á sì máa wò ó bí ẹni tó sá kúrò nílé.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n tú mi sílẹ̀ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère gbòde. Ọ̀gá fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. "Gbádé, iṣẹ́ kò tíì parí. Ṣó o fẹ́ lọ láìmọ tẹlifíṣọ̀n ni?" Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo jókòó, mo kọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe ń parí rẹ̀ ni fídíò dé. Iṣẹ́ kò tíì parí. Mo kọ́ fídíò. Tẹlifóònù tí wọ́n ń tẹ̀ lójú dé, a gbàgbé èyí tí wọ́n ń fi ìka yí. Iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti lọ. Àwọn tí mo gbà wọlé, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irin tí a fi ń jó òjé mú, àwọn náà ti lọ. Rédíò nìkan ni wọ́n mọ̀, ó sì tó wọn jẹun. Wọ́n á wá kí wa, ìyàwó wọn á pọnmọ sẹ́yìn, wọ́n á wò mí níbi tí mo jókòó sí láìwọ bàtà, wọ́n á ní, "Ha, Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ẹ ṣì wà níbí?" Ó máa ń dùn mí wọra.

Èyí tó wá le jù ni ti Fúnmiláyọ̀. Ọmọ Àpòmù bíi tèmi ni, tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń bá wọn tún agogo iléèwé tí kò bàjẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Tíṣà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì jẹ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ó pè mí jókòó, ó sọ ọ́ fún mi láìfi pamọ́.

"Gbádébọ̀, mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ṣì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó lọ tọ̀. Gba fíríìdọ́ọ̀mù ẹ wá, kí n fún ẹ ní ìyàwó."

Mo ròyìn rẹ̀ fún Fúnmiláyọ̀. Ó wò mí títí.

"Gbádé, ṣé ẹ̀rọ tó wà láyé yìí ò ní tán ni?"

"Wọ́n ṣì ń ṣe òmíràn ní Jàpáàn."

"Ṣé kí n wá lọ bẹ àwọn ará Jàpáàn ni?"

Bí a ṣe wà nìyẹn títí àwọn ọdún 1990 fi ń lọ sópin. Ọmọ Ìkirè kan ti Jámánì dé, ó fẹ́ ṣí ibi tí àwọn èèyàn á ti máa pe fóònù sínú ṣọ́ọ̀bù wa, kí òun àti ọ̀gá jọ máa ṣe é. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan wá, wọ́n sì fa wáyà tẹlifóònù tuntun wọlé fún un. Wáyà náà kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń gbé ohùn lọ bó ṣe rí. Tuntun yìí máa ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, ẹ̀rọ tó wà lódìkejì á sì tún àwọn nọ́ńbà náà tò padà di ohùn. Nínú kọ̀ǹpútà yẹn, káàdì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: òun ló ń gbé ohùn jáde sí sípíkà, òun náà ló ń bá wáyà tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Ọwọ́ fóònù téèyàn ń gbé sétí, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n so ó mọ́.

Mo rí i, mo yíjú wo ọ̀gá. Ojú ọ̀gá ń dán. "Gbádé," ó ní, "iṣẹ́ kò tíì parí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún yín níbi, torí òun ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Kọ̀ǹpútà kò mọ káàdì tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ó dà bí àlejò tó wọlé tí onílé kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ètò kan ló máa ń dúró láàárín àwọn méjèèjì bí ògbufọ̀, dráífà là ń pè é. Dráífà ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohùn kan ti dé, gbà á. Sípíkà nìyí, fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹnìkan ń pè, dá a lóhùn. Bí dráífà kò bá sí, tàbí tó bá ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, káàdì olówó ńlá yẹn ò yàtọ̀ sí páálí bísíkíìtì.

Ọmọ Ìkirè tó ti Jámánì dé yìí fi ìlò kọ̀ǹpútà hàn mí, ó fi dísìkì dráífà lé mi lọ́wọ́, ó sì bá bàálù lọ kí kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́. Mo fi dráífà sí i, kọ̀ǹpútà dákẹ́. Mo tún un fi sí i, ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìyá Rísì gbọ́ ọ lórí họ́ọ̀nù, ó da òróró nù. Mo bá a fà á títí, nígbà tó sì yá, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ṣùgbọ́n ó ń já, ó ń já, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sú mi. Mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí i bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, mo gbọ́. Ó ń kólòlò!

Ìdọ̀tí kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó fi ń pe àkíyèsí, bí ọmọ iléèwé ṣe ń nawọ́ sókè kí tíṣà lè dá a lóhùn. Dráífà ti fún káàdì wa ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn méjèèjì ń nawọ́ pọ̀, kọ̀ǹpútà ń dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lóhùn nígbà tó yẹ kó dá ohùn èèyàn lóhùn. Mo fún káàdì ní nọ́ńbà tirẹ̀, mo tún tan kọ̀ǹpútà. Ohùn jáde, ó mọ́ gaara. Mo so ó mọ́ họ́ọ̀nù, gbogbo gáréèjì pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo jó láìsí ìlù.

Ó ku ìwà kan tí mi ò rí ọgbọ́n dá sí. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, dráífà á gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá pe fóònù, á da ohùn àwọn méjèèjì tó ń sọ̀rọ̀ sínú ọwọ́ fóònù, á sì tún dà á sórí sípíkà, ìyẹn họ́ọ̀nù. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ àṣẹ kúkúrú kan kí ohùn tó lè mọ sínú ọwọ́ fóònù nìkan. A ò sì lè já họ́ọ̀nù kúrò, torí òun la fi ń pe àwọn ará ìlú tí èèyàn wọn bá pè láti ìdálẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀, fóònù wọn ti dé.

Mo fi àṣẹ náà han ọ̀gá. Mo tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, ó ń mi orí.

"Ṣé ó yé yín, sà?"

"Ṣé èmi lò ń bi bóyá ó yé mi?"

Ó tún mi orí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Àpòmù, ó wọ aṣọ tó ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Ó ní ẹlòmíràn ti wá tọrọ Fúnmiláyọ̀, òun ò sì ní sọ fún ọkùnrin náà pé kó máa retí ìgbà tí ẹ̀rọ máa tán láyé. Ó kí ọ̀gá mi dáadáa, ó bi í pé ọjọ́ wo gan-an ló máa tú mi sílẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, òun fẹ́ kọ́kọ́ fi fóònù bá ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Jọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, torí òun kì í dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bí ọ̀gá ṣe wọlé ni iná lọ. Mo ń ra dòdò fún Bàbá Tíṣà lọ́wọ́ Ìyá Rísì. Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé dún, mo sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà á ti máa tàn padà. Mo fẹ́ sáré wọlé lọ tẹ àṣẹ, ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà ti di ojú lórí dòdò. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ló wí. Ta ló máa fi bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àdúrà? Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àdúrà àwọn tíṣà àtijọ́ ṣe ń gùn. Ó ti gbàdúrà fún ẹni tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rìnrìn àjò, nígbà tí họ́ọ̀nù bú sí ohùn lókè orí wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Jékọ́ọ̀bù ni!"

"Jékọ́ọ̀bù! Kí ló dé tó ò ń pariwo? Ṣé ẹnìkan kú ni?"

"Rárá o, jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ra! Bàbá ọmọbìnrin tí Gbádé fẹ́ fẹ́ ló wà níta. Ó ní kí n tú ọmọ náà sílẹ̀!"

Bàbá Tíṣà ní "Àmín" láìparí àdúrà. Mo dìde fùú. Ìyá Rísì fi ọwọ́ olóròóró di ẹ̀wù mi mú.

"Jókòó síbẹ̀! Ẹjọ́ ẹ ni wọ́n ń dá yẹn. Ṣé o ò fẹ́ gbọ́ ni?"

Láti òkè, ẹ̀gbọ́n bi í pé, "Ṣé ọmọ náà ò tíì mọṣẹ́ ni?"

"Ó mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi yìí, mi ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Tó bá ń ṣàlàyé fún mi, orí lásán ni mò ń mì!"

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, àwọn èrò yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ọ̀gá ò gbọ́ ohun kan nínú gbogbo rẹ̀, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀.

"Tó bá mọṣẹ́, kí lo wá ń dá a dúró fún?"

Ohùn ọ̀gá rẹlẹ̀ lórí họ́ọ̀nù.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá lọ, ó ku èmi àti ta ni? Ìyá àwọn ọmọ ti lọ. Àwọn ọmọ wà l'Ékòó, wọn kì í wálé. Gbádé ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀. Tí mo bá ti ní iṣẹ́ kò tíì parí, á ní 'Ó dáa, sà,' á tún jókòó. Àdúrà ni mo máa ń gbà kí ẹ̀rọ tuntun dé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Rísì fi ẹ̀wù mi sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń bínú sí ọkùnrin yìí láti ìgbà tẹlifíṣọ̀n, omi ń bọ́ lójú mi sórí dòdò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. "Jékọ́ọ̀bù, ṣó o rántí ọ̀gá tìẹ? Ta ló sunkún wá bá mi pé ọ̀gá ò fẹ́ tú òun sílẹ̀? Tí ikun ń ṣàn nímú ẹ bí omi ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ti imú sílẹ̀ báyìí."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀! Lọ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀! Ṣé Àpòmù ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ni? Á máa wá kí ẹ. Ìwọ náà á máa lọ kí i. Ó tán!"

Họ́ọ̀nù dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀gá jáde, ó ń nu ojú. Ó bá gbogbo gáréèjì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ó wo àwọn èèyàn. Ó wò mí. Ó wá gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo họ́ọ̀nù.

"Gbádé. Láti ibo ni ẹ ti ń gbọ́?"

"Láti 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o,' sà."

"Ẹ gbọ́ ti imú?"

"A gbọ́ ti imú, sà."

"Ta ló ní kó o so kọ̀ǹpútà mọ́ họ́ọ̀nù?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ní kò sí ẹ̀rọ tó gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín láìsọ̀rọ̀ síta."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Tíṣà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi tún bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó yíjú sí Bàbá Tíṣà.

"Ẹ mú ọjọ́ tó bá wù yín, sà. Màá tú u sílẹ̀."

Bàbá Tíṣà wo òkè, ó wo ọ̀nà Ìbàdàn, ó wo ọ̀nà Ifẹ̀. "Ìsinsìnyí ló dáa," ó ní, "kí ẹ̀rọ mìíràn tó dé."

Bí mo ṣe gba fíríìdọ́ọ̀mù nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá agbada dòdò, tí àwọn awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ń ṣe "Àmín" tó mi ilẹ̀. Ọ̀gá gbé irin ìjó-òjé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rí. Àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá dúró láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ìyá Rísì sì ń sọ ọ́ fún wọn, ó ń fi dòdò tì í.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àpòmù. Mo fẹ́ Fúnmiláyọ̀. Kí n tó kúrò ní Ìkirè, mo jókòó ti dráífà yẹn títí mo fi rí fáìlì tó máa ń kà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo sì kọ àṣẹ náà sínú rẹ̀ títí láé, kí ó má baà gbàgbé mọ́. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí. Kò mi orí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Kò yé mi. Tún un ṣàlàyé."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ nìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ mọ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ kọ́ ló ti kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbé rédíò onígílóòbù tó máa ń gbóná kó tó sọ̀rọ̀ wá mọ́, dísìkì dráífà ti di ohun tí àwọn ọmọ mi fi ń gbé ife tíì lé. Ohun tí mi ò ní láti jù nù ni bí mo ṣe ń jókòó gbọ́ kí n tó fọwọ́ kàn. Ẹ lọ bá ẹni tó máa mú yín jókòó gbọ́, kó le bí ó ṣe wù kó le.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wọkọ̀ wá sí Àpòmù, ó ní òun wá kọ́ kọ̀ǹpútà. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á wo òrùlé yí ká, á ní, "Ṣé kò sí họ́ọ̀nù níbí?" Lẹ́yìn náà ló máa jókòó. Èmi ni mo wá ń gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn rẹ̀ pé kó gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Ó máa ń gbà á tọ̀nà jù mí lọ, ìka rẹ̀ ni kò yá lórí bọ́tìnnì.

Ó bá mi lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó mú kọ̀ǹpútà tó yadi, ó wá dráífà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi sí i, ó fún káàdì ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó tàn án. Ohùn jáde gaara. Fúnmiláyọ̀ sáré wá láti ẹ̀yìn, ó ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ṣe tèmi lọ. Mo dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mo tú yín sílẹ̀, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ní kó o tú mi sílẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ ti tán láyé ni? Gbádé, iṣẹ́ kò tíì parí."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, sà," mo sì tún jókòó.